Búlọ́ọ̀kù Olóyè Fákúnlé Kò Gbọdọ̀ Fọ́

Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gbé e mì. Ẹ̀rín inú ìtàn yìí lè mú kí òkèlè há ènìyàn lọ́fun, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá ka ẹ̀sùn sí mi lẹ́sẹ̀.

Ní ayé ìgbà tí owó epo ń ṣàn bí omi òjò, tí owó Udójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, sọ akọ̀wé di ọlọ́lá òjijì, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì sì tò rẹrẹẹrẹ lórí òkun Èkó láìríbi gúnlẹ̀ sí, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínbọ̀wálé Fákúnlé, ọmọ Èkìtì. Òun ni ọ̀gá ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó títì àti gọ́tà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Mo pè é ní Akínbọ̀wálé nítorí pé kò sí níbí ni o. Ẹnjiníà Olóyè Fákúnlé ni. Ẹni tó bá gbàgbé “Ẹnjiníà”, tó pè é ní Olóyè lásán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé “Olóyè”, kó yáa máa lọ sílé.

Láràárọ̀, bí mọ́tò Pijó rẹ̀ bá ti yọ láti apá Ṣógúnlé, Gàfárù awakọ̀ á tẹ fèrè gbọọrọ. Àwọn akọ̀wé á sáré jáde, wọ́n á tò. Ọládòṣù, olórí àwọn akọ̀wé, á bọ́ síwájú, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, á ní:

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ la títì, tí títì ń dúpẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbẹ́ gọ́tà, tí omi ń júbà! Ọ̀mọ̀wé inú àwọn ọ̀mọ̀wé!”

Olóyè á ní, “Ọládòṣù, o ti ń sọ àsọjù.” Á sì dúró, kó lè sọ sí i.

Ní ti gọ́tà yẹn, ẹ jẹ́ n bù díẹ̀ fún yín tọ́ wò. Olóyè gbẹ́ gọ́tà kan ní Máfolúkù tó jẹ́ pé ibi tí omi yóò gbà jáde ga ju ibi tí yóò gbà wọlé lọ. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, omi yíjú padà, ó wọ yàrá àwọn ènìyàn, ó gbé bẹ́ẹ̀dì léfòó. Àwọn onílé kó ara wọn jọ, wọ́n wá fẹjọ́ sùn. Olóyè dìde, ó tún agbádá gbé sí èjìká, ó ní:

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, gọ́tà ṣe ojúṣe rẹ̀. Omi ni kò gbọ́ràn! Orílẹ̀-èdè wa ń gòkè àgbà. Ṣé omi nìkan ló fẹ́ máa lọ sísàlẹ̀?”

Àwọn akọ̀wé pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ń ta wọ́n. Onílé kan tiẹ̀ bá wọn pàtẹ́wọ́ kó tó rántí pé bẹ́ẹ̀dì òun ló léfòó.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni, a ò sì lè sọ pé kò láyọ̀. Àmọ́ ohun kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ìjọba fẹ́ dá àga tuntun sílẹ̀, ti ọ̀gá pátápátá fún iṣẹ́ títì ní gbogbo agbègbè náà. Àga yìí ni Olóyè ń lá lálàá. Ó máa ń rí i lójú oorun, ó jẹ́ aláwọ, ó ń yí bìrí. Ẹnì kan ló sì lè bá a du ú, ìyẹn Kíkẹ́lọmọ Adéyẹyè, igbákejì rẹ̀, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó máa ń wọ bàtà òjò sọ̀kalẹ̀ sínú gọ́tà fúnra rẹ̀. Lójú Olóyè, àbùkù gidi nìyẹn jẹ́ fún iṣẹ́ ẹnjiníà.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan ọ̀gá náà ní kí Olóyè gba àwọn nímọ̀ràn lórí irú ẹni tó yẹ, ó ro ti Kíkẹ́lọmọ, ẹni tó rò pé kò ní másítà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹnikẹ́ni tí kò bá ní oyè másítà nínú iṣẹ́ ẹnjiníà, èyí tí a fi ìwádìí gbà, tí kì í ṣe èyí tí a fi jókòó sí kíláàsì, kò gbọdọ̀ súnmọ́ àga náà!” Ìgbìmọ̀ ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Wọ́n sọ ọ́ di òfin.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé òun alára ní másítà ọ̀hún? Kò ní. Ṣé ó mọ̀ pé òun kò ní? Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn. Wọ́n ti pè é ní ọ̀mọ̀wé inú àwọn ọ̀mọ̀wé pẹ́ débi pé ó ti gbàgbé. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Yínká, ló rán an létí nídìí oúnjẹ àárọ̀.

“Bàbá Yínká, másítà wo lẹ̀yin wá ní?”

“Èyí tí mo ní yẹn náà ni.”

“Níbo lẹ ti gbà á?”

Olóyè gbé ṣíbí dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Ó wo àjà ilé. Ó wo ògiri, níbi tí ó gbé gbogbo ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́, títí kan ti ọjọ́ tó gba ipò kẹta nínú eré ìje nílé ẹ̀kọ́. Kò sí másítà níbẹ̀.

“Áà! Mo gbé!” ni ó ké. “Mo ti fọwọ́ ara mi ti ara mi mọ́ta!”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti wà ní yunifásítì, níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúsànyà, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Ẹ sọ pé kò sí kíláàsì?” ni Olóyè béèrè.

“Kò sí.”

“Kò sí pé kí ọmọdé jókòó tì mí, kó máa wo ìwé mi?”

“Kò sí, sà. Ìwádìí ni. Ẹ ó ṣe é fúnra yín, ẹ ó sì wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.”

Olóyè kò gbọ́ “fúnra yín”. Ó ti pẹ́ tí etí rẹ̀ ti ń ta irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dànù. Inú rẹ̀ dùn dé ọkàn. Ìwádìí! Iṣẹ́ ọ̀gá rèé! Àwọn ọmọ iṣẹ́ á wádìí, òun á gba oyè.

Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé fún un kò lọ́jú pọ̀. Sìmẹ́ńtì tó ti pẹ́ lórí òkun nínú ọkọ̀, ṣé ó ṣì lágbára? Kí wọ́n pò ó mọ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, kí wọ́n dà á sínú àpótí irin kékeré kó di búlọ́ọ̀kù, kí wọ́n rì í sínú omi títí yóò fi gbó, kí wọ́n wá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. “Ibi tó bá ti fọ́,” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, “ibẹ̀ ni ìmọ̀ wà.”

Yunifásítì ní ẹ̀rọ yìí, àmọ́ Olóyè kò lè máa tò fún un lẹ́yìn àwọn ọmọ kéékèèké. Owó epo kúkú wà. Ó ní kí wọ́n gbé tuntun wá láti Jámánì. Wọ́n kọ́lé fún un nínú ọgbà ọ́fíìsì wọn ní Ìsọlọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i kí ooru má baà mú un, wọ́n tún gba ọlọ́dẹ méjì fún un. Àwọn akọ̀wé tó wà nínú ọ́fíìsì ń làágùn, ẹ̀rọ ń gbádùn.

Àṣà àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé wọ́n á fi ìṣó fa àmì díẹ̀ sára búlọ́ọ̀kù kó tó gbẹ, kí wọ́n lè dá a mọ̀. Olóyè ní àmì kọ́ ló bá òun mu. Ó ní kí wọ́n rọ èdìdì irin tó kọ ọ́ gàdàgbà pé ẸNJINÍÀ OLÓYÈ FÁKÚNLÉ, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bà á lẹ́rù jẹ́ gan-an nìyí, àmọ́ ẹ ó rí i, ẹrù kì í sọ fún ẹni tó dì í.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹ̀rọ, Olóyè jókòó, ó káwọ́ sí ikùn. Ìyá Yínká náà wà níbẹ̀. Ọládòṣù gbàdúrà, ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ní “hùùùn”. Kò tíì kùn tán tí búlọ́ọ̀kù fi rún wómúwómú bí àádùn. FÁKÚNLÉ ṣubú sápá kan, OLÓYÈ sápá kejì, ẸNJINÍÀ sì di ìyẹ̀fun.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” ni Ìyá Yínká ké.

“Orúkọ Bàbá!” Ọládòṣù káwọ́ lérí. “Orúkọ Bàbá mà ni o! A dáràn!”

Ẹ̀rù ba Olóyè, ẹ̀rù gidi, irú èyí tó ń gba inú egungun. Bí ìgbà tí wọ́n gbé e tẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ ló rí lára rẹ̀. “Ta ló fọ́ mi?” ni ó béèrè.

Kíkẹ́lọmọ, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ní, “Sà, ó yẹ kó fọ́. Èsì iṣẹ́ yín gan-an nìyẹn. Sìmẹ́ńtì yẹn ti bàjẹ́. Ẹ kọ ìwọ̀n tó gbà kó tó fọ́ sílẹ̀, másítà yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

“Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Fákúnlé fọ́?”

“Búlọ́ọ̀kù ló fọ́, sà.”

“Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?”

Kíkẹ́lọmọ gbé ìwé rẹ̀, ó jáde. Ẹni tó bá bá ọ̀gá jiyàn lórí orúkọ ọ̀gá, kó ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Òun sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, Olóyè pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́ búlọ́ọ̀kù òun mọ́. Ọ̀rọ̀ náà “fọ́” fúnra rẹ̀ di èèwọ̀ nínú ọ́fíìsì. Bí ife tíì bá bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé kan, wọ́n á ní ife náà ti di púpọ̀. Inú àdúrà nìkan ni wọ́n ti gbà kí ènìyàn dárúkọ rẹ̀. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn á yí táǹkì omi tí àwọn búlọ́ọ̀kù wà ká, Ọládòṣù á gbóhùn sókè:

“Búlọ́ọ̀kù Bàbá kò ní fọ́!”

“Àmín!”

“Ẹ̀rọ tó bá ní kó fọ́, ẹ̀rọ náà ni yóò fọ́!”

“Àmín ní orúkọ Jésù!” Àdúrà yìí gbà o, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Nígbà tó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń bọ̀ wá sí Ìsọlọ̀. Olóyè yóò fọ́ búlọ́ọ̀kù kan lójú àwọn, yóò sì dáhùn ìbéèrè. Wọ́n pe alága ìgbìmọ̀ pẹ̀lú, kó lè rí i bóyá Olóyè tó àga náà gbà. Olóyè ní kí wọ́n po búlọ́ọ̀kù tuntun kan, èyí tí yóò jẹ́ àṣàyàn.

Ẹ súnmọ́ mi kí n sọ àṣírí kan fún yín. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n po búlọ́ọ̀kù yìí, tí kọnkéré rẹ̀ ṣì rọ̀ nínú àpótí, tí àwọn bíríkìlà lọ jẹun, Ọládòṣù yọ́ wọlé. Ó ti ṣa ègé irin rélùwéè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì. Ó bu kọnkéré dànù, ó ri irin náà mọ́ àárín gbùngbùn, ó bò ó, ó jáde. Kò pẹ́, Gàfárù yọ́ wọlé tòun ti sípánà mẹ́ta láti inú búùtù Pijó. Ó bu kọnkéré dànù, ó ń ti sípánà bọ̀ ọ́, ó ń sọ sínú pé òkúta inú eléyìí mà le o. Ó jáde. Ìyá Yínká ló kẹ́yìn. Sáàmù kọkànlélàádọ́rùn-ún ló dì sínú ọ̀rá pẹ̀lú òróró. Òun náà bu kọnkéré dànù. Ìkankan nínú wọn kò rí èkejì. Ìfẹ́ ló tì wọ́n ṣe é, kí a má parọ́ mọ́ wọn. Nígbà tí àwọn bíríkìlà padà dé, tí wọ́n tẹ orúkọ Olóyè lé e lórí, kọnkéré tó kù nínú rẹ̀ kò lè kún ife tíì.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Olóyè ti ta ìbòrí sí iwájú ọgbà, ó ti kó àwọn onífèrè ilé ẹ̀kọ́ kan wá, ó ti pe onílé, ó ti pe àlejò. Ó wọ agbádá funfun tó ń dán yinrinyinrin. Àwọn olùdánwò yunifásítì sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò lásán, ó bà á nínú jẹ́ nítorí wọn. Ó bọ́ síwájú, ó wúkọ́.

“Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá mi, mo sì kí I kú iṣẹ́. Nígbà tí mo bojú wo òkun, tí mo rí sìmẹ́ńtì tó ń sunkún nínú ọkọ̀, mo ní, ‘Sìmẹ́ńtì, dákẹ́ ẹkún! Fákúnlé ń bọ̀!’”

Àwọn akọ̀wé pàtẹ́wọ́, àwọn onífèrè fun fèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró kí ariwo lọ sílẹ̀.

“Ẹ ṣé o, Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé.” (Ọ̀gbẹ́ni! Ọládòṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.) “Àwọn búlọ́ọ̀kù tó ṣáájú, ìwọ̀n wo ni wọ́n gbà kí wọ́n tó fọ́?”

“Wọn kò ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀,” ni Olóyè wí.

“Wọn kò fọ́ rárá? Kò sí ìkankan?”

Ọládòṣù kò lè mú un mọ́ra. “Ẹ dákun, Ọ̀jọ̀gbọ́n sà, ẹ jẹ́ ká fọgbọ́n pè é. Ọba kì í kú. Búlọ́ọ̀kù Bàbá náà kì í fọ́. Ẹyọ kan ló ṣe bí ẹni ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn náà, ó wàjà ni.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. “Ó dáa,” ni ó wí. “Ẹ gbé èyí tó ṣì wà lórí ìtẹ́ wá.”

Wọ́n gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ ní “hùùùn”, ọwọ́ tó ń ka ìwọ̀n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó kọjá ibi tí búlọ́ọ̀kù rere máa ń fọ́ sí. Ó kọjá ibi tí òkúta gan-an máa ń bẹ̀bẹ̀. Orí Olóyè wú. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó rí àga aláwọ náà kedere, ó ń yí bìrí, ó ń pè é.

“Ọ̀gá, nọ́ ṣékìn! Ẹ má mikàn!” ni Gàfárù kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀rọ ń kérora. Ó ń gbọ̀n. Lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan kan dún gbàmù, ọ́ìlì dúdú tú jáde pìà, ó balẹ̀ sórí agbádá funfun láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ Jámánì dákẹ́ lọ gbári. Búlọ́ọ̀kù kò mira.

Ẹ ò rí ariwo! “Fákúnlé ò fọ́! Fákúnlé ò fọ́!” Wọ́n gbé Olóyè sókè, tọ́ìlì tọ́ìlì. Àwọn onífèrè ń fun fèrè bí ẹni pé wọ́n fẹ́ tú ọ̀run sílẹ̀. Olóyè na apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ọ́ìlì ń kán sórí àwọn tó gbé e.

Kíkẹ́lọmọ àti Ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni kò pariwo. Ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ kan búlọ́ọ̀kù náà ko, ko. Ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ bá mi wá òòlù,” ni ó wí.

Ẹ̀ẹ̀kan ni ó lù ú. Kọnkéré tín-ín-rín tó bò ó lára ṣí wẹ́rẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Irin rélùwéè dúró gbọin láàárín, sípánà mẹ́ta rọ̀gbà yí i ká, ọ̀rá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí òróró ń jò nínú rẹ̀. Wọ́n sọ Olóyè kalẹ̀.

“Kí nìyí?” ni Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè. “Ta ló kó gbogbo èyí síbẹ̀?”

Ẹni tó bá gbọ́n ìbá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Ọládòṣù rí i pé alága ìgbìmọ̀ ń wò, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gba ọpẹ́ òun. “Èmi ni, sà! Irin yẹn, èmi ni mo rì í fún Bàbá!”

“Irin rẹ nìkan?” Gàfárù já wọlé. “Sípánà tèmi ńkọ́? Ẹ wò ó, ẹ wo bó ṣe tẹ̀! Sípánà ló gba gbogbo ìyà yẹn!”

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ ẹnu yín,” ni Ìyá Yínká wí. “Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló dì í mú.”

“Ẹ dákẹ́!” ni Olóyè pariwo. Wọn kò gbọ́. “Mo ní kẹ́ ẹ dákẹ́!” Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé rẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbọ́ àṣẹ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ń du ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ọládòṣù ní, “Ta ló kọ ìròyìn gọ́tà Máfolúkù fún Bàbá, tó ní omi ló jẹ̀bi?” Gàfárù ní, “Ta ló ń ti mọ́tò Bàbá nígbà tí omi gọ́tà náà gbé e?” Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ń fi ìfẹ́ tú u. Àwọn onílé ń gbọ́. Alága ìgbìmọ̀ náà ń gbọ́.

Alága bi Ọ̀jọ̀gbọ́n pé, “Ṣé a lè sọ pé másítà wà níbí?”

“Kò sí. Èyí tí mo mọ̀ nínú ọ́fíìsì yìí ni ti Kíkẹ́lọmọ Adéyẹyè. Ìwádìí ló fi gbà á, lórí ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ títì Ṣógúnlé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i ni. Kò sí èyí tí kò fọ́ nínú àwọn ègé ilẹ̀ tó dán wò, ó sì lè sọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi fọ́.”

Alága bọ Kíkẹ́lọmọ lọ́wọ́. “Òfin ti sọ ẹni tó ni àga,” ni ó wí. “Àwa kọ́ ló tilẹ̀ ro òfin náà.” Inú Kíkẹ́lọmọ dùn, ojú sì tì í díẹ̀ nítorí ọ̀gá rẹ̀.

Olóyè gbọ́ ọ. Ó jókòó lórí ẹ̀rọ Jámánì tó ti kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohùn rẹ̀ tutù.

“Ọ̀gbẹ́ni Fákúnlé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń bi í. Akọ̀wé yín fi irin sínú búlọ́ọ̀kù yìí. Awakọ̀ yín fi sípánà sí i. Ìyàwó yín fi Sáàmù sí i. Àwọn bíríkìlà ló po ìwọ̀nba kọnkéré tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí lẹ fi sí i?”

Olóyè wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Yàtọ̀ sí ọ́ìlì, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó wá a lọ, ó wá a bọ̀, ojú gbogbo ènìyàn sì ń bẹ lára rẹ̀.

“Orúkọ mi,” ni ó wí. “Orúkọ mi ni mo fi sí i.”

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ tí kò ní àbùlà ni, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ọládòṣù ti gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀, ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti mọ́ díẹ̀ níwájú Kíkẹ́lọmọ.